Ẹ̀rọ èémí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe: ẹ má fi í sílẹ̀ sórí 4 dé 20

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nítorí àwọn tó ń sùn pẹ̀lú ẹ̀rọ èémí lálaalẹ́, àti nítorí àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n lọ gba tiwọn. Ẹ̀rọ tí à ń wí ni èyí tí wọ́n kọ Auto tàbí APAP sí, tó máa ń fi kún agbára afẹ́fẹ́ tàbí kó dín in kù fúnra rẹ̀, bí mímí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe rí. "Fúnra rẹ̀" yẹn gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọn á gbé ẹ̀rọ délé lórí ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i, ìyẹn ààlà agbára afẹ́fẹ́ láti 4 nísàlẹ̀ dé 20 lókè, wọn á wọ ìbòmú, wọn á sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun ṣì ń kùn wọ́n lọ́sàn-án, inú wọn ń wú fún afẹ́fẹ́, ni wọ́n á bá ti ẹ̀rọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà lè má ní àléébù kankan. Ààlà tí wọ́n fún un ni kò bá ọ̀fun wọn mu.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀fun bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sùn, iṣan ara á dẹ̀. Ahọ́n á sún sẹ́yìn, àjà ẹnu àti bẹ́lubẹ́lu á rọ̀ wálẹ̀. Fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, ẹran ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Àyà ń gbìyànjú, ikùn ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ohun tí wọ́n ń pè ní sleep apnea nìyí, àìsàn kí mímí máa dá dúró lójú oorun. Bí ìdádúró náà bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n á kà á. Wọ́n á tún ka ìgbà tí èémí kò dúró tán ṣùgbọ́n tó fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ tàbí pé ọpọlọ ta jí. Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi iye wákàtí oorun pín in. Ohun tó bá jáde ni AHI. Bí kò bá tó 5, kò sí wàhálà. Láti 5 dé 15, àìsàn náà fúyẹ́; láti 15 dé 30, ó wà láàárín; bó bá ju 30 lọ, ó ti le. Ẹni tí AHI rẹ̀ jẹ́ 40, èémí rẹ̀ ń dúró tàbí ń fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, látìgbà tó ti sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì lè má rántí ẹyọ kan nínú rẹ̀ láàárọ̀.

Ní 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, kọ̀wé síta nípa bí wọ́n ṣe fi afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba imú wọlé láìdáwọ́ dúró la ọ̀fun àwọn aláìsàn yìí sílẹ̀. Ìlànà CPAP nìyẹn. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ni ẹ̀rọ ń fẹ́, kì í ṣe ọ́síjìn inú àgbá. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń ti ẹran ọ̀fun sẹ́yìn kó má baà lẹ̀ mọ́ra, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé táyà ró. Òṣùwọ̀n omi ni nọ́ńbà tó ń hàn lójú rẹ̀: 10 túmọ̀ sí agbára tó lè ti omi gòkè sẹ̀ǹtímítà 10 nínú ọ̀pá kan. Agbára náà kò pọ̀, èèyàn lè fi ẹnu lásán fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí nọ́ńbà méjì péré bá dín lára rẹ̀, ọ̀fun tó ṣí lè padà dí.

CPAP àtijọ́ kì í kúrò lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo láti alẹ́ dòwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀fun ń fẹ́ kì í dúró sójú kan. Ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí 7 tó fún lè nílò 11 nígbà tó bá yí padà sùn lórí ẹ̀yìn. Nínú ìpele oorun tí à ń lá àlá, iṣan á dẹ̀ sí i, nọ́ńbà á tún gòkè. Ọtí tí èèyàn mu lálẹ́ ń gbé e sókè, imú dídí ń gbé e sókè, bí èèyàn bá sì sanra sí i láàárín ọdún kan, ó ń gbé e sókè. Ìdí tí wọ́n fi ṣe APAP nìyí. Ó wúlò gan-an, a ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún un. Ní ti kí AHI wálẹ̀ àti kí oorun ọ̀sán dínkù, òun àti CPAP onínọ́ńbà kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Àwọn dókítà oorun gbà pé a lè lo èyí tó bá wù wá nínú méjèèjì fún aláìsàn tí kò ní àìsàn mìíràn tó lágbára.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀? Kò rí ọ̀fun, kò sì sí wáyà kankan lórí ẹni tó wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ọ̀pá rọ́bà tó so ẹ̀rọ mọ́ ìbòmú ló ń ṣọ́. Bí a bá ya èémí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ṣí dáadáa sórí ìwé, gbogbo ìmísínú á rí róbótó lókè bí òkìtì kékeré. Nígbà tí ọ̀fun bá bẹ̀rẹ̀ sí há, orí òkìtì yẹn á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì, torí pé bó ti wù kí àyà fà tó, afẹ́fẹ́ kò lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Àmì yìí sábà máa ń ṣáájú ìdádúró gan-an, òun sì ni ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ ń tètè tẹ̀ lé. Àmì kejì ni híhanrun, tó máa ń mú kí afẹ́fẹ́ inú rọ́bà gbọ̀n rìrì. Bí èémí bá wá dúró pátápátá, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọ̀fun ló dí ni àbí ọpọlọ ni kò pàṣẹ pé kí àyà mí. Àwọn kan á máa ti afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn mìíràn á ti i gbì lẹ́ẹ̀kan. Bí ohun tó tì bá wọlé, ọ̀fun ṣí, ọpọlọ ló dákẹ́. Kò ní fi kún agbára. Bí kò bá wọlé, ìdínà ni. Yóò fi kún un.

Ibi tó yẹ kí gbogbo èèyàn fetí sí nìyí. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣí ọ̀fun tó ti dí lójú ẹsẹ̀. Ìdádúró tó ń lọ lọ́wọ́, ọpọlọ ẹni náà ló ń fòpin sí i nípa jíjí. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni pé ó ń gbé agbára sókè kí èyí tó kàn má baà ṣẹlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń gbé e, torí bó bá ta á sókè lójijì, olóorun á jí. Bí nǹkan bá rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á tún máa sọ̀kalẹ̀ padà lọ sí ààlà ìsàlẹ̀ tí a fún un.

Ẹ wá wo ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ nílò 10, tí ààlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní 4. Aago mẹ́rin ìdájí, ó wọ oorun àlá, ó wà lórí ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ti sọ̀kalẹ̀ sí 5. Ọ̀fun dí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ gun 6. Ó dí lẹ́ẹ̀kejì, ó gun 7. Kó tó dé 10, ìdádúró mẹ́rin tàbí márùn-ún ti kọjá, ọ́síjìn ti wálẹ̀ gòkè bí ẹni ń fa korobá nínú kànga, ọkàn ti sáré. Lẹ́yìn náà ara rọ̀, ẹ̀rọ tún ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, AHI fi 7 hàn, ẹ̀rọ sì yà á sójú bí ẹni pé nǹkan dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dára ju 40 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ààlà ìsàlẹ̀ sí 8 ni, ìdínà tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyẹn kì bá wáyé rárá.

4 yìí tún ní wàhálà tirẹ̀ kí oorun tó dé. Àgbàlagbà tó fi ìbòmú wé imú, tí afẹ́fẹ́ 4 ń wá, sábà máa ń rò pé èémí òun kò tó, bí ẹni tó ń mí gba ojú aṣọ. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé "ó ń fún mi lọ́rùn", ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn. Gbé e sí 6 tàbí 7, ara á tù wọ́n. Ní ti 20 tó wà lókè, bí ìbòmú bá ń jò tàbí tí ẹ̀rọ bá ṣi nǹkan gbọ́, ó láyè láti gun òkè réré lóru, afẹ́fẹ́ á fọ́n sójú, á gba ọ̀nà oúnjẹ wọ ikùn, olóorun á jí pẹ̀lú inú tó le bí ìlù.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ààlà kankan, kó kọ́kọ́ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jò. Gbogbo ìbòmú ló ní ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ó sì gbọ́dọ̀ máa jáde níbẹ̀, torí òun ló ń kó èémí tí a ti mí síta lọ kí a má baà tún un mí. Ẹ má fi nǹkan dí i láé. Jíjò tí à ń wí ni èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìbòmú tàbí ẹnu jáde. Lórí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ResMed ṣe, 24 líta ní ìṣẹ́jú kan ni ààlà tí wọ́n fi sí i; bí nọ́ńbà jíjò bá ń kọjá ibẹ̀, etí ẹ̀rọ ti di. Kò ní lè rí òkìtì tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn dáadáa mọ́, AHI tó bá sọ lọ́jọ́ náà kò sì ṣeé gbára lé. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé irú ìbòmú tí ẹ yàn nínú ètò ẹ̀rọ bá èyí tó wà lójú yín mu, yálà ti ihò imú, ti imú nìkan, tàbí ti imú àti ẹnu. Ẹni tó pààrọ̀ ìbòmú tó gbàgbé láti yí ètò yìí padà á máa ka nọ́ńbà jíjò tí kò tọ̀nà.

Orí ìjókòó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń de ìbòmú, wọ́n á wá dùbúlẹ̀, ojú á yí ipò padà, á bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ẹ fọ ojú kí òróró ara kúrò, ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe ń sùn, ẹ tan ẹ̀rọ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́. Ẹ tú okùn díẹ̀. Ẹ di ìbòmú mú, ẹ fà á kúrò lójú ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, kí afẹ́fẹ́ kún inú rọ́bà rírọ̀ rẹ̀ kó sì yọ wú, kí ẹ wá dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fún okùn ọ̀tún àti òsì lọ́gbọọgba, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró níbi tí jíjò bá ti dáwọ́ dúró. Fífún un le koko kì í dá jíjò dúró. Ńṣe ló ń rún rọ́bà pọ̀ tí á fi wú níbòmíràn. Bí àmì okùn bá ṣì hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti wẹ̀ láàárọ̀, ó le jù. Bí ẹnu bá gbẹ kanrin ní ìdájí, ẹnu ló ń jò. Ẹ wo imú bóyá ó dí, ẹ tọ́jú rẹ̀, tí kò bá sì yí padà, ìbòmú tó bo imú àti ẹnu ló kù. Ẹ má fi teepu lẹ ẹnu pa bí imú bá ń dí tàbí bí ẹ bá máa ń bì.

Tí jíjò bá ti wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún bí òru méje lórí ààlà tó gbòòrò díẹ̀, bíi 5 dé 15, kí ẹ wá wo nọ́ńbà mẹ́rin: agbára àárín, agbára 95 nínú ọgọ́rùn-ún, AHI, àti ohun tí wọ́n kó jọ sínú AHI yẹn. Agbára 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kò kọjá fún ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tó fi ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo 90. Ká ní àárín jẹ́ 8.2, tí 95 jẹ́ 10.8, tí AHI jẹ́ 7, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìdínà. Ẹni bẹ́ẹ̀, a ó kọ́kọ́ sún ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 8, lẹ́yìn òru díẹ̀ a ó wá sún òkè sí 13. Ìsàlẹ̀ ti súnmọ́ ibi tí ọ̀fun ń fẹ́, ẹ̀rọ kò ní láti rìn jìnnà. Òkè ṣì ṣí díẹ̀ fún òru tí imú bá dí. Ẹ fi sílẹ̀ fún òru mẹ́ta ó kéré tán, tó bá pé méje ó dára jù, kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ohunkóhun, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ sì yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí ìsàlẹ̀, òkè, àti ìbòmú padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Gbogbo èyí, kí dókítà tó ń tọ́jú yín mọ̀ sí i. Òun náà ní ẹ̀tọ́ láti rí nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ẹ̀yin náà sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí ó fi fi yín sílẹ̀ lórí 4 dé 20.

Ètò kan wà tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí a bá ń mí síta, EPR lórúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan, Flex lórí òmíràn. Ó ń tu ni lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi EPR sí 3 lórí ààlà ìsàlẹ̀ 7, 4 ló kù nígbà tí ẹ bá ń mí síta, ìparí ìmísíta gan-an sì ni ọ̀fun sábà máa ń rí àyè wó. Bí ìdínà bá pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ tan EPR, ẹ gbé ìsàlẹ̀ gòkè pẹ̀lú 1.

Nígbà mìíràn àwòrán òru á fi hàn pé ìdínà kó jọ rẹpẹtẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú, tí agbára ti gun 15 tí kò sì yí nǹkan kan padà, tí gbogbo òru yòókù sì mọ́ lóló. Ẹ wo ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí gíga tàbí méjì tó lé ara wọn ń tẹ orí síwájú, àgbọ̀n á lọ kan àyà, ọ̀fun á ṣẹ́ bí rọ́bà omi tó tẹ̀. Afẹ́fẹ́ kankan kò lè tú u. Ìrọ̀rí tó rẹlẹ̀, tàbí kí èèyàn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ló ń tú u.

Bí ó bá jẹ́ pé ìdádúró ti ọpọlọ ló pọ̀ nínú AHI, èyí tí ẹ̀rọ ń kọ ní CA, ẹ má gbé agbára sókè rárá. Àwọn kan nínú rẹ̀ kì í ṣe àìsàn: ẹni tó lajú sílẹ̀ tó ń yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì máa ń di èémí mú láìmọ̀, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ bóyá èèyàn sùn tàbí kò sùn á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń yọjú nígbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n sì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró pẹ́, dókítà ló gbọ́dọ̀ dá sí i. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le, ẹni tó sanra débi pé èémí àmíjáde ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn ìrora irú bíi mọ́fíìnì: kí irú wọn má ṣe bẹ̀rẹ̀ APAP nílé láìjẹ́ pé wọ́n ti sùn ní ibi àyẹ̀wò. Irú ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń mí fún èèyàn nígbà tí ọpọlọ bá dákẹ́, ASV. Ní 2015, àyẹ̀wò SERVE-HF fi hàn pé ikú látọ̀dọ̀ ọkàn pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó tí ọkàn wọn kò tú ju ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ síta. Ọ̀rọ̀ à ń yá ẹ̀rọ ara wa lò kò sí níbẹ̀.

Omi inú ike ẹ̀rọ, ẹ lo omi distilled, èyí tí wọ́n gbà láti inú ooru omi híhó. Omi ẹ̀rọ lásán ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ ike. Ẹ dà á nù láràárọ̀, ẹ má máa bu tuntun lé àná lórí. Bí ẹ bá gbọ́ tí rọ́bà ń dún gùgù lóru, tí omi ń ta sí imú, yàrá ló tutù tí ooru ọ̀rinrin fi di omi lójú ọ̀nà. Ẹ dín ọ̀rinrin kù, tàbí ẹ fi kún ìgbóná rọ́bà bó bá jẹ́ irú èyí tó ń gbóná, tàbí ẹ fi aṣọ wé e. Ẹ sì gbé ẹ̀rọ síbi tó rẹlẹ̀ ju orí yín lọ. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kúrò lójú kan, ẹ yọ ike omi jáde. Omi tó bá dà sẹ́yìn wọ inú mọ́tò ti pa ẹ̀rọ náà.

Ìmọ́tótó kò le: ọṣẹ tí kò mú, omi lọ́wọ́ọ́wọ́, rọ́bà ojú ìbòmú lójoojúmọ́, ike omi àti ọ̀pá rọ́bà lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, ká gbé wọn síbi tí oòrùn kò ti kàn wọ́n gan-an kí wọ́n gbẹ. Ẹ yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò lóṣooṣù, bó bá ti dúdú ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Asẹ́ funfun tó rí bíi ìwé yẹn kò ṣeé fọ̀. Àwọn àpótí tí wọ́n ń tà pé ó ń fi gáàsì ozone fọ ẹ̀rọ, ẹ jìnnà sí i. Àjọ FDA, tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2020. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹfà 2021, ilé iṣẹ́ Philips ní kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù inú wọn tó ń rún tí ẹni tó ń lò ó lè fà símú, wọ́n sì sọ pé ozone lè mú kí fóòmù yẹn tètè bàjẹ́. Ẹni tó bá ní máàgínẹ́ẹ̀tì lára okùn ìbòmú rẹ̀, tí òun tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ lábẹ́ awọ, kó wá ìbòmú tí kò ní máàgínẹ́ẹ̀tì.

Bí iná bá lọ lójijì, ẹnikẹ́ni kò ní kú sínú ìbòmú: èyí tó bo imú àti ẹnu ní ọmọ ìlẹ̀kùn kan tó ń ṣí fúnra rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Fún bátìrì, ohun tó ń jẹ ẹ́ jù ni ìgbóná omi àti ìgbóná rọ́bà. Ẹ pa méjèèjì, bátìrì tí kò dé ààjìn tẹ́lẹ̀ lè gbé yín dé òwúrọ̀.

A mọ̀ pé wákàtí mẹ́rin lálẹ́ ni àwọn iléeṣẹ́ ìdójútòfò ń kà sí "ó ń lò ó". Òṣùwọ̀n ìwé owó ni. Oorun àlá, níbi tí ọ̀fun ti ń dí jù, ìdajì kejì òru ló pọ̀ sí. Ẹni tó sùn láago mẹ́wàá tó bọ́ ìbòmú láago méjì ti tọ́jú apá tó rọrùn, ó sì fi apá tó le sílẹ̀. Bí ẹ bá jí lọ tọ̀, ẹ tún un wọ̀.

Ohun tí à ń bẹ àwọn tó ń fún èèyàn ní ẹ̀rọ yìí fún ni pé kí wọ́n kọ ààlà ìsàlẹ̀ àti ti òkè sínú ìwé fún aláìsàn, kí wọ́n sì dá ọjọ́ méjì fún un kó tó kúrò níwájú wọn: ọjọ́ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, èkejì lẹ́yìn oṣù kìíní. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ti lò rí ni wọ́n fún yín, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wádìí bóyá ó wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà, ẹ béèrè iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ ìbòmú, ọ̀pá rọ́bà, ike omi àti asẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa gbogbo ètò ẹni àkọ́kọ́ rẹ́ kó tó kàn yín lójú. Ààlà ọ̀fun ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú oorun.